Orúkọ Tí Wọ́n Yọ Nínú Àwọn Tó Ń Lọ Jámánì

Ọdún tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì sí ohun kan tó dúró lójú kan nínú ìlú náà. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń já àpótí fáìlì sílẹ̀ láti Sókótó. Àwọn akọ̀wé ìjọba ń sùn mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá kan, wọ́n ń fi tábìlì oúnjẹ ṣe ọ́fíìsì. Ilé tí o bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lónìí, bí o bá padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti lè wó o láti fi ṣe ọ̀nà. Eruku ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀, inú sì ń bí mi sí gbogbo rẹ̀, torí ó jọ pé gbogbo ènìyàn ló ń lọ síbì kan àfi èmi tí mo jókòó sídìí máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn dé Minna nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n bá àwọn ará ilé wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi níbẹ̀, wọn kò sì kúrò mọ́. Èmi, Minna ni wọ́n bí mi sí. Hausa mi já gaara ju Yorùbá mi lọ, ó sì máa ń dun bàbá mi. Wọ́n á ní ọjọ́ tí mo bá délé ọkọ, àwọn àna á bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n gbé fún àwọn yìí. Ìyá mi ní tiwọn kì í sọ̀rọ̀ nípa èdè. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ìwà mi. Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, mo fẹ́ ẹ báyìí-báyìí, ẹni tó bá ní kí n ṣe sùúrù ti di ọ̀tá mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú orílẹ̀-èdè wa kò tó mi lọ́jọ́ orí nígbà náà. Àwọn Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ pè wá láti kọ́ wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Jámánì náà lọ kí ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wọ́n lára tán. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi ìwọ̀nba tí wọ́n mọ̀ jà á. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n wá ń kó ara wọn jọ: wọ́n ń ra bàálù tuntun, wọ́n ń wá ilẹ̀ kiri, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Bó ṣe di pé wọ́n rán àwọn mẹ́sàn-án wá sí Minna nìyẹn, pé kí wọ́n wá yẹ ilẹ̀ wò lọ́nà Maikunkele, bóyá ó lè gba ibi tí bàálù á máa bà sí. Wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ń lọ wò wọ́n, wọ́n á bi wọ́n léèrè ibi tí bàálù náà wà, wọ́n á ní kò tíì sí, àwọn ọmọ á sì padà sílé pẹ̀lú ìbínú.

Ohun tó gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù wa ni oyè. Láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ oyè àwọn ṣọ́jà orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́, ìràwọ̀ ṣọ́jà orí ilẹ̀ ló sì wà léjìká àwọn ọ̀gá wọn. Lákòókò yẹn ni àṣẹ dé láti Èkó pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ní orúkọ tiwọn. Ọ̀gá tó kó wọn wá sí Minna sùn ní Méjọ̀, ó jí ní Sikuádírọ́nù Lídà. Wọ́n ní kí wọ́n já ìràwọ̀ kúrò, kí wọ́n rán ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù síbẹ̀. Ọ̀já dé, kò sí télọ̀ tó bá a dé, ni wọ́n bá kó aṣọ wọn wá bá bàbá mi. Bàbá mi gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò gba orúkọ náà.

"Sikua kí ni? Méjọ̀ ni mo mọ̀."

Méjọ̀ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí ó fi kúrò ní Minna.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá àwọn ológun á ti hewú. Ọkùnrin yìí kò lè ju ọdún márùndínlógójì lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí bí ẹni tí kò sùn dáadáa lánàá. Kì í ṣe Yorùbá, Hausa la jọ ń sọ. "Sannu da aiki," ni yóò kí wa kú iṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, kò sì ní wọlé títí bàbá mi á fi dá a lóhùn. Ìyá mi tí ẹ̀rù ṣọ́jà kò tíì kúrò lára wọn láti ìgbà ogun, wọn a máa sá lọ sẹ́yìn ilé bí wọ́n bá gbóhùn rẹ̀. Ó mọ̀, ó sì máa ń béèrè wọn: "Ìyá ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn níbi tí wọ́n sá sí."

Kọ́pùrà kan ló máa ń rán wá gba aṣọ. Yorùbá ni, ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́, mẹkáníìkì bàálù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó tẹ́ aṣọ Ọ̀gá sórí tábìlì, ó fa rúlà onírin yọ nínú àpò, ó wọn ọ̀já tí mo rán.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀já ọ̀tún yìí ga ju ti òsì lọ."

"Ṣé èjìká ọ̀gá yín dọ́gba ni?"

Ó ká aṣọ, ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún dé.

"Àǹtí, ẹ jàre. Mo wọ̀n ọ́n. Èjìká ọ̀tún Ọ̀gá relẹ̀."

"Ọ̀gá yín jẹ́ kí o fi rúlà wọn èjìká wọn?"

"Mo ní télọ̀ ló ní kí n wá wọ̀n ọ́n."

Èmi kò kúkú mọ̀ pé èjìká ọkùnrin náà relẹ̀. Ẹnu lásán ni mo fi jà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bàbá mi gbójú sókè kúrò nídìí máṣíìnì wọn, wọ́n wò mí, wọ́n wo Kọ́pùrà, wọ́n sì tún orí wọn tẹ̀ síṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ àwọn ọmọ ogun òfurufú ti ń ya ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́tìnì kan ṣoṣo a máa gbé Kọ́pùrà láti àgọ́ wá sílé wa lórí kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ọ̀rọ̀ bàálù ló máa ń sọ, kò ní òmíràn. Ó ní níbi tí wọ́n ti kọ́ òun níṣẹ́ ní Kaduna, pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí àwọn Jámánì fi sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kun àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á padà sórí àwòrán tirẹ̀, bí àwòrán kan bá sì ṣófo, bàálù kankan kò ní gbéra, ì báà jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè ló jókòó sínú rẹ̀, títí wọ́n á fi rí irinṣẹ́ náà. Ó ní àwọn Jámánì lọ, ṣùgbọ́n àwọn kò jẹ́ fọwọ́ kan pátákó yẹn. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti dá bàálù dúró rí torí irinṣẹ́. Ó ní odidi ọ̀sán kan, torí sípánà kékeré kan tó wà nínú bàtà ẹnì kan. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa ìfẹ́ nígbà náà, mo mọ̀ pé ohun tó mú mi nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀, tíṣà kan, fi kó àwọn ẹbí méjì wá láti wá mọ̀ wá. Bàbá mi béèrè ìlú, wọ́n béèrè ṣọ́ọ̀ṣì, inú wọ́n dùn sí ìdáhùn méjèèjì. Ìgbéyàwó kù sí ìgbà tí Kọ́pùrà bá ti rí owó díẹ̀ kó jọ.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan, tí Kọ́pùrà gun kẹ̀kẹ́ dé láìní bọ́tìnì kankan lọ́wọ́.

"Wọ́n mú mi," ló wí.

Ìjọba ti ra bàálù ajagun tuntun, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn mẹkáníìkì lọ sí Jámánì fún ọdún méjì kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ náà ṣì kéré débi pé ẹni tó bá ti òkè òkun dé lónìí ni ọ̀gá lọ́la. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, bó ṣe gòkè nìyẹn. Àwọn tí kò bá lọ á wà níbẹ̀, wọ́n á máa mú irinṣẹ́ fún àwọn tó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni irú àyè yìí ń yọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: àpọ́n ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti níyàwó, ọkàn rẹ̀ á máa sá wálé.

"Ọdún méjì péré ni," Kọ́pùrà ní. "Dúró dè mí."

Ọdún méjì péré! Èmi tí n kì í lè dúró de kí omi hó. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, arábìnrin kan wà tó dúró de ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Ọkùnrin náà dé tòun ti ìyàwó òyìnbó, ó sì kó o wá sí ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó ń fi í hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú arábìnrin yẹn lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Oúnjẹ kò wọnú mi mọ́. Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan pọ̀ mọ́ ara wọn. Mo á dìde nídìí máṣíìnì, mo á rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì, mo á padà, mo á tún dìde. Ìyá mi ní bóyá kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ibà.

Níkẹyìn ni mo rí ọgbọ́n dá, tàbí ohun tí mo pè ní ọgbọ́n.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n tó so ènìyàn pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ka orúkọ wọn sétí ìjọ ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ, kó sọ ọ́. Láàárín àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Minna, ìkéde yìí lágbára ju òrùka lọ. Láti ìkéde àkọ́kọ́ ni àwọn ìyá ìjọ á ti máa pè ọ́ ní ìyàwó, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó di dandan kó wá ìlú mìíràn gbé. Mo rò ó báyìí pé kíkà kì í ṣe ìgbéyàwó. Lójú ìjọba, àpọ́n ni Kọ́pùrà á ṣì jẹ́, á lọ sí Jámánì rẹ̀. Lójú wa, ọkọ mi ni, kò sì ní lè mú òyìnbó kankan bọ̀. Lójú mi, ìwé ìjọba wà lọ́tọ̀, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti máa pàdé.

Mo sọ ọ́ fún Kọ́pùrà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí.

Inú mi dùn débi pé n kò bi í ní nǹkan mìíràn. Èmi ni mo mú bàbá mi lọ bá Pásítọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ka orúkọ wa láàárín ìfilọ̀ ìpàdé àwọn ọkùnrin àti ìfilọ̀ ìgbálẹ̀ ọgbà, gbogbo ìjọ sì yíjú padà wò mí. Aṣọ àdìrẹ tí mo rán fúnra mi ni mo wọ̀. N kò ní parọ́, n kò gbọ́ ìwàásù tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà rárá.

Ìyàwó Sájẹ́ntì àgọ́ náà jókòó sí ìlà kẹta lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Kọ́pùrà dé, ó jókòó sórí àga oníbàárà, kò bọ́ fìlà.

"Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní mo fẹ́ gbéyàwó láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀gá."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé kò sí ọmọ ogun tó gbọ́dọ̀ gbéyàwó láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lu ìwé. Mo ní, "Èmi ni mo fà á." Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ," ó sì wolẹ̀. Mo mọ̀ pé inúure ló ń ṣe fún mi. Ìyẹn ló tún wá le jù. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, mo á bú u padà, ọ̀rọ̀ náà á sì tán.

Èmi kì í jókòó sunkún. Mo gbé aṣọ Ọ̀gá tó wà nílẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo wé gèlè, mo bẹ awakọ̀ kan tó ń kó òkúta lọ sọ́nà Maikunkele kó gbé mi. Inú àgọ́ ni mo bá Ọ̀gá, ó ń jẹ ẹ̀pà lórí àwòrán ilẹ̀ tó tẹ́ sórí àpótí méjì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní "Ranka ya daɗe," kí ẹ̀mí yín gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà, ṣọ́ọ̀ṣì lásán ni, n kò tíì fẹ́ ẹ, mo lè ní kí wọ́n má kà á mọ́.

Ó ní kí n dìde. N kò dìde.

"Ìwé náà ti lọ sí Èkó," ló sọ. "Ẹlòmíràn ti bọ́ sí àyè rẹ̀."

Mo dìde. Gbogbo ìrẹ̀lẹ̀ tí mo gbé wá ti tán. Mo bi í pé irú ọ̀gá wo lẹ ń jẹ́, tí ẹ fi gé ẹsẹ̀ ọmọ yín torí ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bàálù ẹyọ kan kò sí níbí, koríko lẹ ń ṣọ́, ẹ sì ń ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́. Ọmọ ogun tó wà lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ wa. Ọ̀gá fi ọwọ́ dá a padà.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo wà nígbà tí àwọn Jámánì lọ," ó ní. "Ẹni tó ń kọ́ mi lọ lọ́jọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Gbogbo ohun tí mi ò bá mọ̀, kò sí ẹni tí mo lè bi. Àwọn tó wà lábẹ́ mi sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣé o rò pé mo ń fi orúkọ ènìyàn ṣeré?"

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Kò sọ ọ́. Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ tán, ó buwọ́ lù ú, ó nà án sí mi. Ìwé àṣẹ ìgbéyàwó Kọ́pùrà ni. Mo rìn láti ibẹ̀ dé Minna pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, mo ń sunkún lójú títì, àwọn awakọ̀ ń dúró bi mí bóyá ẹnì kan kú.

Wọ́n so wá pọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ mi ní "ẹ", èmi tí mo ti ń pè é ní "o" láti ìgbà rúlà onírin. Wọ́n gbé e lọ sí Kaduna, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e lọ sí Makurdi, mo ta máṣíìnì mi, mo tẹ̀ lé e. Bí ó bá ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, mo á ní ẹ má bínú. Bí ó bá ní kí orúkọ ọmọ jẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá mi wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pè mí sẹ́yìn pé ta ló sọ mí di aláìsàn. N kò lè sọ fún wọn. Ìṣojú mi ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ṣe ń dàgbà. Àwọn àgọ́ di ilé bíríkì, àwọn ilé bíríkì di bárékè ńlá, bàálù tó ń dún bí ààrá ń kọjá lórí aṣọ tí mo sá. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó bọ́ sí àyè rẹ̀ ti Jámánì dé, wọ́n sọ ọ́ di ọ́físà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkọ mi ní láti kí i ní ìkíni ológun kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i tí ọwọ́ ọkọ mi bá lọ sórí, èmi ni mo ń gbé e lọ síbẹ̀ lọ́kàn mi. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi ọkọ mi sí, ó ń pín irinṣẹ́ fún àwọn tó ń tún bàálù ṣe. Ó dákẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ ọkọ rere, n kò sì jẹ́ kí ara mi gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a padà sí Minna, a kọ́ ilé kékeré sí Dutsen Kura, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀. Ó ti di ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti so wá pọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń hewú sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàbáńrìgà tó ya lápá. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbéyàwó nílùú, ó sì fẹ́ kí n bá òun rán an kíá.

"Sannu da aiki," ó ní láti ẹnu ọ̀nà, kò sì wọlé.

Méjọ̀ ni. Oyè tó fi fẹ̀yìn tì ti gùn ju ohun tí ẹnu mi lè pè lọ. Mo fa àga fún un, mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i nínú àgọ́ lọ́jọ́sí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dùn mọ́ òun, kò sí ẹni tó ń bá òun wí láyé ìgbà náà. Ó wá béèrè ọkọ mi.

"Ṣé ó ti wọ bàálù báyìí?"

N kò lóye. Mo ní iṣẹ́ bàálù ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni mo wí. Mo ní ṣé ó ti wọ̀ ọ́ fò."

Mo ronú. Ní gbogbo ọdún wa, ọkọ̀ ojú irin la fi ń lọ, tàbí mọ́tò.

"Haba," Méjọ̀ ní, "ṣé kò sọ fún ọ ni?"

Ó ti sọ ọ́ débi tí kò lè dá a dúró mọ́, ó sì sọ ìyókù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkéde àkọ́kọ́ ni ọkọ mi ti lọ bá a nínú àgọ́. Òfin tuntun wà pé mẹkáníìkì tó bá tún bàálù ajagun ṣe gbọ́dọ̀ bá awakọ̀ gbé e lọ sókè kí wọ́n jọ dán an wò. Wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ sókè lẹ́ẹ̀kan ní Kaduna, ó sì sọ fún Méjọ̀ pé òun kò lè ṣe é mọ́ láéláé, òun á kú. Ó ní kó yọ orúkọ òun, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Méjọ̀ ní òun kò ní ìdí tí òun lè kọ sínú ìwé. Ọkọ mi ní, "Wọ́n máa ka orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ìyẹn."

"Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pinnu rẹ̀ ni," Méjọ̀ ní. "Nígbà tí o wá, tí o kúnlẹ̀, ni mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Mo sì ti ṣèlérí fún un." Ó mu omi. "N kò bá a wí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Gbogbo wa ni. Àmọ́ ẹni tí èmi á lọ bá pé kó yọ orúkọ mi, kò sí."

Mo rán apá aṣọ rẹ̀. Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, mo dágbére fún un, mo sì wọ ẹ̀yìn ilé.

Ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń tún fáànù aládùúgbò ṣe. Mo ní Méjọ̀ kọjá. Ó ní, "Méjọ̀ wo?" Ojú rẹ̀ ti dá a lóhùn kí n tó sọ nǹkan kan. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọdún méjìdínlógún," ni mo wí. "O rí mi bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọ lójoojúmọ́ ayé yìí. O mọ ìdí rẹ̀. Ó sì ń dùn mọ́ ọ."

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́."

"Ìgbà tí o ní ó dáa, ìwọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ, ta ni o fẹ́? Èmi ni, àbí àwáwí?"

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ká ní ó yára dáhùn ni, n kò ní gbà á gbọ́.

"Mo fẹ́ ọ," ó ní. "Mo sì ń sá. Lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù."

Inú mi bí, inú mi sì dùn, orí mi fúyẹ́ débi pé mo di igi máńgòrò mú. N kò gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti gbé ẹ̀bi yẹn sùn, mo ti gbé e jí, mo ti gbé e ká gbogbo bárékè orílẹ̀-èdè yìí, kò sì fìgbà kan jẹ́ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Kaduna. Mo sọ ti iyọ̀, mo sọ ti máṣíìnì tí mo tà, mo sọ orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ mi tí n kò sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò yọjú lórí ògiri, mo ní kí wọ́n padà sílé wọn. Ọkọ mi jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó gbìyànjú láti dìde, mo ní kó jókòó, n kò tíì dé Makurdi.